Ẹni tí a ní kó fẹ́ wa lójú: Kí ẹ tó fi aláìsàn yín lé olùtọ́jú lọ́wọ́

Àwọn àgbà ló ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò bá tíì kàn ló máa ń fi í ṣẹ̀rín. Ẹ bi ìyá tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀, tí kì í sùn mọ́, tó ń sọ pé àwọn kan ń pe òun láti inú ògiri. Ẹ bi bàbá tí ọmọ rẹ̀ ti pé ọdún márùn-ún tí kò tíì pe ẹnikẹ́ni lórúkọ, tó ń forí gbálẹ̀ nígbàkígbà tí inú bá ń bí i. Ẹ bi ìyàwó tí igbó àti ọtí ti gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ni yóò sọ fún yín pé àwọn kì í sùn, àti pé kò sí ibi tí èèyàn júwe fún àwọn tí àwọn kò ní í lọ.

Ibi tí wọ́n sì ń júwe pọ̀. Ẹnìkan á ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹlòmíràn á ní oníṣègùn kan wà ní abúlé báyìí-báyìí tó gbówọ́ nídìí irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á ní orí òkè àdúrà ló kàn, àwọn mìíràn á ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àfáà. Láyé òde òní, àwọn ilé aládàáni tún ti wà tí wọ́n ń pè ní ilé àtúnṣe ìwà, tí wọ́n ń gba àwọn tó ń lo oògùn olóró àti àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn kò dàgbà bíi ti ẹgbẹ́ wọn.

Ibi yòówù kí wọ́n lọ, ohun kan náà ni àwọn ẹbí sábà máa ń sọ bí wọ́n bá ti débẹ̀: "Ẹ bá wa wò ó o. Ọwọ́ yín la fi í sí." Wọ́n á sanwó, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sì padà sílé. Láti ọjọ́ náà lọ, aláìsàn ọ̀hún kò ní ẹnu mọ́. Bí wọ́n bá nà án, ta ni yóò rò ó fún? Bó bá tilẹ̀ rò ó, èsì tí yóò gbọ́ kò ní í ju pé, "Ṣebí orí rẹ̀ ló dàrú, ẹ má dá a lóhùn."

Àwọn bàbá wa ti rí irú èyí rí kí wọ́n tó pa á lówe pé ẹni tí a ní kó kìn wá lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Ẹni tí a ní kó fẹ́ wa lójú, ó fi ata sẹ́nu. Ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí ni bí ẹ ṣe lè dá olùtọ́jú tó fi ata sẹ́nu mọ̀, àti ohun tí òfin iṣẹ́ ìtọ́jú sọ pé kò gbọdọ̀ ṣe fún aláìsàn yín.

Ohun tí wọ́n bá ní Òjòó

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá ya wọ ilé kan ládùúgbò Òjòó, nílùú Ìbàdàn. Ilé àtúnṣe ìwà ni wọ́n ń pè é. Èèyàn 259 ni àwọn ọlọ́pàá kó jáde níbẹ̀, ọkùnrin, obìnrin, títí kan àwọn ọmọdé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní Rigasa, nílùú Kàdúná, tí wọ́n ti kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin àti ọmọdékùnrin jáde, tí ṣẹkẹṣẹkẹ wà lẹ́sẹ̀ àwọn kan nínú wọn. Ohun tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù lọ ni pé kì í ṣe ajínigbé ló kó wọn lọ síbẹ̀. Bàbá wọn, ìyá wọn, ẹ̀gbọ́n wọn ló mú ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ, pẹ̀lú èrò pé ire ni àwọn ń ṣe fún wọn.

Nínú oṣù kọkànlá ọdún náà ni ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn káàkiri àgbáyé, Human Rights Watch, gbé ìwádìí rẹ̀ jáde. Láàárín ọdún 2018 sí 2019, àwọn èèyàn wọn dé ibi ìtọ́jú 28 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá. Wọ́n dé ọsibítù ìjọba, wọ́n dé ilé oníṣègùn ìbílẹ̀, wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì dé ilé àwọn àfáà. Wọ́n bá àwọn tí wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ dè mọ́lẹ̀, tí àwọn kan ti wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún gbọọrọ. Wọ́n bá àwọn tí wọ́n nà, àwọn tí wọ́n fi tipátipá gbààwẹ̀ fún. Kò sí ẹ̀sìn kan tó lè nàka sí èkejì nínú ọ̀rọ̀ yìí, ibi tí ìjọba fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ pàápàá kò mọ́ níbẹ̀.

A kò sọ èyí láti fi ba iṣẹ́ àwọn oníṣègùn àti àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ṣe gudugudu méje níbi tí ìjọba kò dé. Dókítà àrùn ọpọlọ ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ yìí. Iye tí àwọn dókítà fúnra wọn sábà máa ń dá ni pé gbogbo wọn kò tó 300, fún orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ ti lé ní 200 mílíọ̀nù. Ẹni tó wà ní oko, tí owó ọkọ̀ dé ìlú kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó sún mọ́ ọn ni yóò lọ. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé ibi tó wù kí ẹ gbé aláìsàn lọ, ẹ má ṣe gbé e sílẹ̀ kí ẹ kẹ́yìn sí i.

Ọgbọ́n tí Lambo dá ní Arò

Kì í ṣe òkè òkun la ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Abẹ́òkúta ló ti bẹ̀rẹ̀.

Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí orí wọn dàrú sí jọ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Èyí tó wà ní Yábà, nílùú Èkó, ti wà láti ọdún 1907. Èyí tó wà ní Lántòrò, l'Ábẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1944, inú ilé tó ti jẹ́ ẹ̀wọ̀n rí ni wọ́n sì ṣe é sí. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀, ẹbí rẹ̀ ti sọ ọ́ nù nìyẹn.

Lọ́dún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo gba àkóso ọsibítù tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí Arò. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ọdún 1923 ni wọ́n bí i níbẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Birmingham, ó sì lọ kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó padà wálé. Nígbà tó dé, wọn kò tíì kọ́ ilé ọ̀hún tán. Ẹlòmíràn ì bá jókòó tì í títí wọn yóò fi kan òrùlé. Lambo kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tọ àwọn ará abúlé tó wà láyìíká lọ, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún àwọn aláìsàn òun ní yàrá gbé láàárín wọn.

Ó wá fi òfin kan lélẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá gbàtọ́jú gbọ́dọ̀ mú ẹbí rẹ̀ dání, ó kéré tán ẹnì kan. Ó lè jẹ́ ìyá rẹ̀, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀. Ẹni yìí ni yóò máa gbọ́únjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò máa sìn ín lọ sí ọsibítù láàárọ̀, tí yóò sì mú un padà sí abúlé lẹ́yìn tó bá ti gba oògùn tán. Ọsibítù náà yá àwọn onílé lówó kí wọ́n lè fi yàrá kún yàrá, ó bá wọn wá nǹkan ṣe sí omi àti ilé ìyàgbẹ́ wọn, ó sì bá wọn gbógun ti ẹ̀fọn. Àwọn aláìsàn ń bá ará abúlé lọ sóko, wọ́n ń bá wọn nájà, wọ́n ń bá wọn ṣe ọdún. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ dókítà òyìnbó ń yínmú sí wọn.

Òkìkí iṣẹ́ yìí kàn débi pé Abẹ́òkúta ni àwọn dókítà àrùn ọpọlọ nílẹ̀ Áfíríkà ti ṣe ìpàdé ńlá wọn àkọ́kọ́ lọ́dún 1961. Lambo di ọ̀gá Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1968, ó sì tún di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé kó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún 2004 ló dolóògbé.

Àwọn èèyàn sábà máa ń yin Lambo pé ó fi ìlànà òyìnbó àti ti ìbílẹ̀ pọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ohun kan tí òfin rẹ̀ ṣe. Aláìsàn kò dá wà lọ́wọ́ olùtọ́jú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ gbá a létí yóò kọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi oúnjẹ dù ú, ìyá rẹ̀ ló ń se oúnjẹ. Bí oògùn bá ń dà á láàmú, ẹni tí wọ́n jọ sùn mọ́jú ni yóò sọ fún dókítà. Ojú ẹbí ni Lambo fi ṣe ọgbà yí aláìsàn ká, kò ná an ní búlọ́ọ̀kù kan.

Oògùn àwọn baba wa ń kọ́? Okùn ni kò dáa

Àwọn kan á ní bí a bá ní kí oníṣègùn má de aláìsàn mọ́lẹ̀, a ti sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dára nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí àwọn oníṣègùn wa ti ń lo egbò asofẹ́yẹjẹ fún ẹni tí orí rẹ̀ gbóná ti pẹ́. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn onímọ̀ òyìnbó yọ oògùn kan tí wọ́n pè ní reserpine lára igi tó jẹ́ ẹbí asofẹ́yẹjẹ yìí, wọ́n sì fi tọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ lọ́sibítù wọn. Ọgbọ́n wà nínú àpò àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n kò sí egbò kankan tó ní kí wọ́n tó fi òun ṣiṣẹ́, àfi kí wọ́n fi pàṣán lé e.

Ẹ̀rí tún wà tó sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gùrèjé ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan ní Nàìjíríà àti Gánà, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2020. Aláìsàn 307 tí orí wọn dàrú ni wọ́n wò, ilé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ti àwọn aládùúrà ni wọ́n sì ti ń gba ìtọ́jú. Fún àwọn kan, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó wà nítòsí máa lọ bẹ̀ wọ́n wò níbẹ̀, kí wọ́n máa fún wọn ní oògùn, kí wọ́n sì máa bá oníṣègùn ọ̀hún sọ̀rọ̀ lórí bó ṣe yẹ kó bá aláìsàn lò. Fún àwọn yòókù, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí òṣìṣẹ́ ìlera ń yọjú sí ti yá ju ti àwọn tó kù lọ. Ìyà jíjẹ náà sì dín kù gan-an, kódà lọ́dọ̀ àwọn tí wọn kò fi òṣìṣẹ́ ìlera kún. Ó jọ pé bí wọ́n ṣe rí i pé ojú ń wo àwọn ló mú ọwọ́ ọ̀pọ̀ rọlẹ̀.

Àwọn òyìnbó náà fi ata sẹ́nu

Ẹni tó bá rò pé ìwà yìí kò sí lọ́dọ̀ àwọn tó kàwé, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Irú ìtọ́jú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń tún ìwà ṣe láìlo abẹ́rẹ́. Ohun tó dúró lé kò ṣàjèjì sí ìyá ọlọ́mọ: ohun tí a bá yin èèyàn lé lórí, yóò tún un ṣe. Ká ní ọmọ kan kò lè sọ̀rọ̀, tó ń fi igbe béèrè omi. Olùtọ́jú á kọ́ ọ láti nàka sí ife. Bó bá ti nàka, wọ́n á fún un lómi, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́ fún un. Díẹ̀díẹ̀, igbe á dín kù. Irú ìtọ́jú yìí ni wọ́n ń lò jù fún àwọn ọmọ tó ní àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní autism, ó sì ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń yin ni náà ló lè gbá ni. Lọ́dún 1972, àṣírí ilé ìtọ́jú ìjọba kan tú nílùú Miami, ní ìpínlẹ̀ Florida. Sunland ni wọ́n ń pe ibẹ̀, àwọn ọmọ àti ọ̀dọ́ tí ọpọlọ wọn kò jí pépé ló sì wà níbẹ̀. Ẹni tó kàwé dé góńgó ló ṣe ètò àtúnṣe ìwà fún wọn. Nígbà tí àwọn olùwádìí débẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ tí kò gba ẹ̀kọ́ kankan ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Wọ́n ń na àwọn ọmọ, wọ́n ń fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n lẹ́nu, wọ́n ń dè wọ́n mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n ń dójú tì wọ́n ní gbangba. Ìtọ́jú ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀. Láti inú omijé àwọn ọmọ yìí ni ìpínlẹ̀ Florida ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òfin fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà.

Èkejì tún wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀. Ní Canton, ìpínlẹ̀ Massachusetts, ilé ìtọ́jú kan wà tí wọ́n ń pè ní Judge Rotenberg Center. Wọ́n ń gba àwọn tó ń ṣe ara wọn léṣe gidi, tí ibòmíràn ti kọ̀ láti gbà. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n máa ń so mọ́ àwọn kan lára. Bí aláìsàn bá ṣe ohun tí wọn kò fẹ́, òṣìṣẹ́ á tẹ bọ́tìnnì, iná mànàmáná á sì gbé e. Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 2007, ẹnìkan fi fóònù pe ọ̀kan nínú àwọn ilé tí wọ́n ń sùn sí. Ó ṣe bí ẹni pé ọ̀gá ni òun, ó ní kí wọ́n fi iná jẹ àwọn ọ̀dọ́ méjì kan níyà. Àwọn òṣìṣẹ́ kò bi í ní ìbéèrè tó nítumọ̀. Ìgbà 77 ni wọ́n fi iná gbé ọ̀kan, ìgbà 29 ni wọ́n fi gbé èkejì. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹni tó pè wọ́n kì í ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni.

Àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fòfin de ẹ̀rọ náà lọ́dún 2020. Ilé ẹjọ́ fagi lé e lọ́dún 2021, wọ́n ní òfin kò fún àjọ náà lágbára bẹ́ẹ̀. Àwọn aṣòfin tún òfin ọ̀hún ṣe ní ìparí ọdún 2022, nígbà tó sì di 2024, àjọ náà tún gbé àbá tuntun jáde láti fòfin dè é.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká rò dáadáa. Àwọn òbí kan wà tó gbèjà ẹ̀rọ yìí dé ilé ẹjọ́. Wọ́n ní òun nìkan ló gba ọmọ àwọn lọ́wọ́ ikú. A kò lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ẹni tó ń gbé ẹrù ló mọ bó ṣe wúwo. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ojú ẹbí nìkan kò tó. Ẹni tó ti rẹ̀ lè fọwọ́ sí ohunkóhun. Lọ́dọ̀ tiwa náà, inú ilé baba ẹlòmíràn ni ṣẹkẹṣẹkẹ wà. Nítorí náà, a nílò ojú ẹbí, a sì nílò òfin tí ẹbí àti olùtọ́jú yóò jọ tẹ̀ lé.

Kí ni òfin iṣẹ́ náà sọ?

Àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ìwà ní Amẹ́ríkà ti ní àjọ kan láti ọdún 1998 tó ń dán wọn wò kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀rí. Òfin ìwà tí àjọ náà ń lò láti ọdún 2022 dúró lórí ohun mẹ́rin: kí iṣẹ́ olùtọ́jú ṣe aláìsàn láǹfààní, kó fi àánú àti ọ̀wọ̀ bá a lò, kó jẹ́ olóòótọ́, kó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí èdè ilé wa, ìwà ọmọlúàbí ni. Ohun tí àwọn òfin bẹ́ẹ̀ ń béèrè lọ báyìí:

Àkọ́kọ́ ni àṣẹ. Olùtọ́jú gbọ́dọ̀ sọ fún aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ohun tó fẹ́ ṣe, ìdí tó fi fẹ́ ṣe é, àti ewu tó wà níbẹ̀, kí wọ́n tó gbà fún un. Wọ́n sì lè sọ lọ́la pé àwọn kò fẹ́ mọ́.

Èkejì, ìyìn ló ṣáájú ìyà. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Kò sí ẹ̀gba nínú ìtọ́jú, kò sí fífi ebi pani, kò sí ká fi oorun dùn ún.

Ẹ̀kẹta ni àṣírí. Ohun tí olùtọ́jú bá gbọ́ tàbí tó rí lára aláìsàn kò gbọdọ̀ di ìtàn lọ́jà tàbí ẹ̀rí lórí pẹpẹ, kò sì gbọdọ̀ gbé àwòrán rẹ̀ káàkiri láìgba àṣẹ.

Ẹ̀kẹrin, kó mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tó bá ń fọ́nnu pé kò sí wèrè tí òun kò lè wò láàárín ọjọ́ méje, ẹ sá fún un. Olùtọ́jú gidi á sọ pé, "Èyí ju tèmi lọ, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ lágbájá."

Ẹ̀karùn-ún ni àkọsílẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún aláìsàn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìtọ́jú kan kò bá ṣiṣẹ́, kí wọ́n yí i padà.

Ẹ̀kẹfà ni ọ̀rọ̀ owó, ẹ̀bùn àti ìbálòpọ̀. Olùtọ́jú tó bá bá aláìsàn rẹ̀ sùn ti ba iṣẹ́ jẹ́ pátápátá, kò sí àlàyé kankan tó lè ṣe. Ní ti ẹ̀bùn, òfin àwọn ará Amẹ́ríkà yìí le débi pé olùtọ́jú kò gbọdọ̀ gba ohun tí owó rẹ̀ ju dọ́là 10 lọ lọ́wọ́ aláìsàn. Èyí lè ṣòro fún wa, nítorí pé iṣu àti adìyẹ la fi ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ro ó wò: bí ẹni tó gbé ewúrẹ́ wá bá ti ń rí ìtọ́jú ju ẹni tí kò rí nǹkan gbé wá lọ, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Òfin tiwa náà ti yí padà

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin tí Nàìjíríà ń lò lórí ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí àwọn òyìnbó ṣe lọ́dún 1916, tó di òfin ọdún 1958. Bí wọn yóò ṣe ti wèrè mọ́lé ló jẹ òfin náà lógún ju bí ara rẹ̀ yóò ṣe yá lọ. Nínú oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tí wọ́n ń pè ní òfin ọdún 2021. Òfin yìí fún ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ láti lóhùn sí ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ fún un, kí wọ́n pa àṣírí rẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì bá a lò bí èèyàn. Wọn kò gbọdọ̀ tìtorí àìsàn náà fi iṣẹ́ tàbí ilé dù ú.

Ṣùgbọ́n òfin inú ìwé kò lè dá rin dé abúlé. Ẹsẹ̀ ẹbí ni yóò gbé e débẹ̀.

Ohun tó kù sí yín lọ́wọ́

Bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹnìkan lọ fún ìtọ́jú, ẹ béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí kí ẹ tó sanwó. Ṣé ẹnìkan nínú wa lè bá a gbé níbí? Bí kò bá ṣeé ṣe, ṣé a lè wá wò ó lọ́jọ́kọ́jọ́, láìkọ́kọ́ sọ fún yín? Níbo ló ń sùn, ẹ jẹ́ ká rí i. Kí lẹ máa ń ṣe bó bá binu? Ta ló kọ́ yín níṣẹ́, ta sì ni ọ̀gá tí a lè fẹjọ́ yín sùn? Olùtọ́jú tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kò ní í bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Ẹni tó bá ní kí ẹ má wá títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé, ẹ gbé ẹni yín, kí ẹ máa lọ.

Bí ẹ bá sì ti débẹ̀ láti kí i, ẹ má jókòó ti ọ̀gá nìkan. Ẹ mú aláìsàn yín lọ sábẹ́ igi, kí ẹ̀yin méjèèjì dá wà. Ẹ wo ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ojú okùn wà níbẹ̀. Ẹ fún un lóúnjẹ, kí ẹ wo bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ẹ bi í bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ẹ sì gbọ́ ọ tán. Bí orí ẹni bá tilẹ̀ dàrú, ó mọ ẹni tó nà án.

Ibi tí ẹ lè lọ wà. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ fún àrùn ọpọlọ wà ní Arò àti ní Yábà. UCH n'Íbàdàn àti ọsibítù Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ílé-Ifẹ̀ náà ní dókítà rẹ̀. Láti ọdún 2011 ni Arò sì ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera ní ìpínlẹ̀ Ògùn kí wọ́n lè tọ́jú irú àìsàn yìí ní ìbùdó ìlera tó wà nítòsí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó wà ládùúgbò yín, bí òun kò bá lè ṣe é, yóò júwe ẹni tó lè ṣe é. Ẹni tó bá sì ń lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn tàbí òjíṣẹ́ Ọlọ́run lè jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wá bá wọn níbẹ̀. Ìwádìí ti fi hàn pé àwọn méjèèjì lè jọ ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ní ẹnìkan níbì kan báyìí, tó jẹ́ pé owó lẹ kàn ń fi ránṣẹ́ sí i, tó sì ti pẹ́ tí ẹ ti fojú kàn án, ẹ má dúró de òpin ọdún. Ẹ lọ wò ó lọ́sẹ̀ yìí.